Ṣé Kí Capoeira Di Eré Ìdíje Àgbáyé?

 

Ọmọ òrìṣà mi kan, ọmọ Ògún, wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Láti kékeré ló ti ń ṣe capoeira. Ó ní, "Bàbá, wọ́n pe ẹgbẹ́ wa sí ìdíje. Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò gba owó, yóò sì gba ìwé ẹ̀rí tó lè fi wá iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ da owó ẹyọ fún mi, kí ẹ bi òrìṣà bóyá n ó borí." Mo ní kí a tó béèrè bóyá yóò borí, ó yẹ kí a mọ ohun tó fẹ́ borí. A sọ ọ̀rọ̀ náà di òru. Ohun tí mo ti rò láti ìgbà náà ni mo kọ síbí, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nílé púpọ̀ nínú yín.

Capoeira kì í ṣe ti Yorùbá. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Àǹgólà àti agbègbè rẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá. Ilẹ̀ Brazil ni igi náà ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ní Bahia, ìyà kan náà ló jẹ òun àti ilé òrìṣà. Òfin ìwà ọ̀daràn ti ọdún 1890 sọ capoeira di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Àwọn ọlọ́pàá tó ń lé àwọn onícapoeira kiri ló ń ya wọ ilé àwọn ìyá wa, tí wọ́n ń kó ìlù lọ. Títí di ọdún 1976, àwọn ilé òrìṣà ní Bahia ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Agogo tí a ń lù fún òrìṣà wà nínú agbo capoeira pẹ̀lú, orúkọ tí àwa ń pè é náà ni wọ́n ń pè é.

Nítorí náà, kí a má ṣe yára bú àwọn tó kọ́kọ́ pè é ní eré ìdárayá. Mestre Bimba ṣí iléèwé rẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1932. Ó to ẹ̀kọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, ó bá àwọn alátakò jà ní gbangba, ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ ní 1937. Mestre Pastinha, ẹni tí ayé mọ̀ sí olùtọ́jú capoeira Angola, dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1941, "Centro Esportivo" ló sì pè é, ìyẹn ilé eré ìdárayá. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ asà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n ń lé kiri kì í ṣa ilẹ̀kùn tí yóò gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n asà kì í ṣe oúnjẹ. Ní ìparí ọdún 1972, ìjọba Brazil ka capoeira sí eré ìdárayá, wọ́n sì fi í sábẹ́ àjọ tó ń darí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Kí ni àwọn ọ̀gá rí jẹ níbẹ̀? Bimba kúrò ní Bahia lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ní Goiânia, ibẹ̀ ló kú sí ní 1974 nínú àìní. Wọ́n kó Pastinha kúrò nínú ilé tó ti ń kọ́ni ní Pelourinho. Ojú rẹ̀ fọ́, ó sì kú ní 1981 nínú òṣì. Lẹ́yìn òfin kan tó jáde ní 1998 lórí iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá, wọ́n tún ní kí àwọn ọ̀gá lọ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn kí wọ́n tó lè kọ́ni. Àwọn ọ̀gá kọ̀, wọ́n sì jà á. Ẹ rí i pé nígbà tí nǹkan bá di eré ìdárayá, àṣẹ lè kúrò lọ́wọ́ àgbà bọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé.

Ẹ wo àwọn tó ti lọ sí Olympics ṣáájú. Judo wọ ibẹ̀ ní Tokyo ní 1964. Láàárín ọdún 2010 sí 2013, àjọ àgbáyé judo fòfin de fífi ọwọ́ di ẹsẹ̀ alátakò mú nínú ìdíje. Ọgbọ́n ìgbéniṣubú tí àwọn àgbà kọ́ni di ohun tí kò ní àmì, ọ̀dọ́ tó ń wá àmì kò sì ní jókòó kọ́ ọ. Nínú taekwondo, aṣọ ààbò tó ní ẹ̀rọ nínú ló ń ka gbígbá báyìí, ọ̀pọ̀ sì ti kọ́ bí a ti ń fẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ. Karate forí ṣe fọrùn ṣe kí wọ́n tó gbà á ní Tokyo ní 2021. Nígbà tó di Paris ní 2024, wọ́n ti yọ ọ́.

Nígbà tí mo ń dá kọ́ èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan tó dá mi dúró ni "eré". Ní Brazil, xirê ni a ń pe orin àti ijó tí a fi ń kí àwọn òrìṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ń pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé "ṣiré" ni, pé eré ni à ń bá òrìṣà ṣe. Àwọn onícapoeira náà kì í sọ pé àwọn ń jà. Wọ́n ní àwọn ń ṣeré. Inú agbo ni eré méjèèjì wà, ohùn ìlù ni a sì ń tẹ̀ lé. Nínú capoeira, berimbau olóhùn ńlá tí wọ́n ń pè ní gunga ló ń ṣí eré, òun ló ń parí rẹ̀. Ẹni méjì yóò lóṣòó níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Bí inú bá ń bí wọn, gunga yóò pè wọ́n padà.

Ta ló wá borí? Ẹni tó lè gbá ẹnìkejì, ṣùgbọ́n tó dá ẹsẹ̀ dúró lẹ́bàá ojú rẹ̀, kí gbogbo agbo lè rí i pé ó ti tó o gbá. Inú ẹsẹ̀ tó dúró yẹn ni ọgbọ́n wà, ibẹ̀ ni ìwà wà. Báwo ni adájọ́ yóò ṣe fún un ní àmì? Bí ó bá fún un, ọ̀dọ́ yóò máa dá ẹsẹ̀ dúró nítorí àmì, kò ní í ṣe nítorí ẹnìkejì mọ́.

N kò sọ pé ìdíje ń ba gbogbo ìjà ìbílẹ̀ jẹ́. Nínú ìjàkadì nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí a bá dá nílẹ̀ ti ṣubú; ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni adájọ́. Ìdíje ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjàkadì àwọn ará Senegal, tí wọ́n ń pè ní laamb, ti wọ pápá ìṣeré ńlá, owó ńlá sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ìlù kò kúrò, oògùn kò kúrò lára oníjà. Àwọn tó ni ín ló ṣì ń darí rẹ̀.

Ìdáhùn mi rèé. Kí ìdíje capoeira wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí ó jẹ́ ẹ̀ka kan lára igi. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn kí a gbé igi náà lé àjọ àgbáyé lọ́wọ́, kí wọ́n fi òfin kan ṣoṣo gé e. Òfin Brazil ti ọdún 2010 lórí ìdọ́gba ẹ̀yà ka capoeira sí eré ìdárayá, ìjà, ijó àti orin. Ojú mẹ́rin ni. Ìdíje kò lè fi àmì sí ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Nígbà tí UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún ìran ènìyàn ní 2014, agbo ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi í sọ́kàn, nítorí lọ́jọ́ kan wọn yóò wá bá wa pé kí a fi ijó òrìṣà díje.

Mo da owó ẹyọ fún ọmọ náà. Ohun tí òrìṣà sọ fún un, tirẹ̀ ni. Èmi ní kó lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, kò sì yẹ kí n fi àṣà dí oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Mo bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan méjì: kó mú lára owó tó bá rí lọ fún ọ̀gá rẹ̀, àti pé bó bá dé, kó lóṣòó níwájú berimbau láìfi àmì ẹ̀yẹ kọ́rùn.

Ó lọ, ó ṣe ipò kẹta. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó wà nínú agbo. Ọ̀gá rẹ̀ arúgbó gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó dìde, wọ́n sì ń ṣeré lọ.

Kí Ògún la ọ̀nà fún àwọn ọmọ wa, kí ọ̀nà náà má sọ wọ́n nù mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ.