Ta Ló Ni Ohùn Tí Mo Fi Ń Kéwì?

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì ti gbọ́ títí tó fi sú wa: "Yorùbá lò ń kà? Kí lo fẹ́ fi jẹun?" Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún Àjíǹde, ẹ̀gbọ́n màmá mi bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní akéwì ni mo fẹ́ jẹ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ó dáa náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo lo máa ṣe?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú.

Mi ò bínú sí wọn. Ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ìbéèrè kejì tí wọn ò bi mí: bí mo bá tiẹ̀ wá ń fi ewì jẹun, ohùn ta ni màá máa fi kéwì ọ̀hún? Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní sáà tó kọjá tó sọ ìbéèrè yìí di ẹrù lórí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Wọ́n pè mí pé kí n wá kéwì níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún bàbá olówó kan nígboro. ₦20,000 ni wọ́n fẹ́ san. Ọ̀sẹ̀ yẹn, gààrì ni mo ń mu láàárọ̀, òun náà ni mo ń mu lálẹ́. Mi ò béèrè ju orúkọ bàbá náà lọ, orúkọ ìlú wọn, àti ti àwọn ọmọ wọn. Láàárín wákàtí méjì, mo ti kọ ọ́ tán. Mo pè wọ́n ní bàbá aláìníbaba. Mo pè wọ́n ní òrùlé aláìnílé. Ibi tí mo ti sọ èyí gan-an ni wọ́n ti dìde, tí wọ́n lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Inú mi dùn dọ́ba.

Nígbà tí mo dé họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo kó owó náà han ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, mo sì dárúkọ bàbá náà. Ó dákẹ́. Ìgbà tó yá ló tó sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta ata àti tòmátì nínú ṣọ́ọ̀bù kan nílé bàbá yẹn. Lọ́dún tó ṣáájú, ìyá náà jẹ owó oṣù méjì, ni wọ́n bá fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù pa, tọjà-tọjà. Kí wọ́n tó ṣí i, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti jẹrà. Sáà yẹn ni ọ̀rẹ́ mi ò rí owó ilé-ìwé san lásìkò. Mo mọ̀ pé ojú pọ́n ọn nígbà náà. Mi ò mọ ẹni tó fà á.

Kò bá mi jà. Ohun tó bi mí ò ju ẹyọ kan lọ: "Ìwọ alára, ṣé o gba ohun tó o sọ gbọ́?" Lọ́jọ́ kejì, mo fi owó náà ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì, mo gbé e síwájú rẹ̀. Kò jẹ ẹ́. Èmi jẹ ẹ́. Ebi ń pa mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ara mi ṣe ẹjọ́. Mo kọ́kọ́ gbẹjọ́ ara mi rò báyìí: iṣẹ́ ni mo ṣe. Télọ̀ tó rán aṣọ fún olè, ṣé òun náà di olè ni? Ọ̀rọ̀ yìí tù mí lára fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, kò dúró. Aṣọ kì í la ẹnu kó ní ẹni tó wọ òun ò jalè rí. Ewì mi la ẹnu. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ẹnu mi sì ni eléyìí ti bọ́.

Mo tún ní, àwọn baba wa ńkọ́? Ṣebí àwọn asunrárà náà ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá yìn? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo oríkì orílẹ̀ tí à ń kọ́ ní kíláàsì, ẹ ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀pọ́n lásán ló wà níbẹ̀. Wọ́n á fi ìdílé ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á rántí ìjà tí wọ́n jà àti ìwà tí wọ́n hù tí kò sunwọ̀n. Bí baba ńlá ẹni bá kúrú, wọ́n á sọ ọ́. Bó bá dúdú, wọ́n á sọ ọ́. Síbẹ̀ orí onítọ̀hún á wú, torí ó mọ̀ pé ìdílé òun gan-an ni wọ́n ń kì, wọn ò ki ti ẹlòmíràn.

Níbí ni ojú mi ti là. Ewì tí mo kọ fún bàbá olówó yẹn, bí mo bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, mo lè gbé e lọ fún olówó mìíràn ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Kò sí ojú bàbá náà níbẹ̀. Kò sí ojú tèmi náà níbẹ̀. Irọ́ tí mo pa àti ohùn tí mi ò ní, ìdí kan náà ni wọ́n ti wá: mi ò wo nǹkan kan kí n tó sọ̀rọ̀.

Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, a fẹ́ràn láti máa sọ pé kí kálukú wá ohùn tirẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní, ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń kéwì bí Ọlánrewájú Adépọ̀jù, àgbà akéwì tó papò dà lọ́dún 2023. Ó máa ń tì mí lójú. Ní báyìí, kò tì mí lójú mọ́. Ọmọ tó ń kọ́ ìjálá, ẹ̀yìn ọ̀gá ló ń tẹ̀ lé, ohun tí ọ̀gá bá sọ lòun náà ń sọ, títí yóò fi mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó ń pè é lólè. Bó bá di ọjọ́ tó ń dá sun ìjálá, á júbà ọ̀gá rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Fífarawé ẹni kọ́ ló ń ba ohùn jẹ́. A lè yá ohùn lò, bí a bá ti lè dárúkọ ẹni tó yá wa.

Kí ló wá ń sọ ohùn di tẹni? Ẹ jẹ́ ká wo Dúró Ládiípọ̀. Olùkọ́ ni, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ sì ni. Ó kọ orin Àjíǹde fún ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan bínú pé irú ìlù bẹ́ẹ̀ ò yẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbá rọrùn fún un láti yọ ìlù kúrò, kí gbogbo ẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́. Kò yọ ọ́. Ó gbé orin rẹ̀ jáde kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 1962, Mbari Mbayo ṣí ilẹ̀kùn ní Òṣogbo. Lọ́dún 1963, ó gbé Ọba Kò So jáde. Lọ́dún 1964, òun àti àwọn òṣèré rẹ̀ ti gbé e dé Berlin ní Jámánì. Àwa ń ka ibi tó parí sí. Èmi ń ro ọjọ́ tí wọ́n ní kó yọ ìlù. Lọ́jọ́ yẹn, kò mọ̀ pé Berlin wà níwájú.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni febi pa ara rẹ̀ nítorí ewì. Nígbà tí Hubert Ògúńdé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1944, ọlọ́pàá ṣì ni. Ìránṣẹ́ ni Amos Tutùọlá ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tí wọ́n tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní London lọ́dún 1952. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú ti àwọn. Owó oṣù rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wọn, torí náà kò sí ohun tí wọ́n lè fi fipá mú un yí ìtàn rẹ̀ padà. Iṣẹ́ tó ń bọ́ni lè máà jẹ́ iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ fúnni, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Bóyá ohun tí mo yẹ kí n fi dá ẹ̀gbọ́n màmá mi lóhùn nìyẹn.

Ìdájọ́ tí mo dá fún ara mi rèé: ohùn tèmi ni èyí tí mo lè tún fọ̀ lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. "Òrùlé aláìnílé" tí mo sọ yẹn, ṣé mo lè sọ ọ́ níwájú ìyá ọ̀rẹ́ mi? Rárá. Nítorí náà, kì í ṣe tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

Mi ò lè dá owó padà, mo ti ná an. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi lọ kí ìyá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ebi lo rí." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ewì nípa ọjà tó jẹrà yẹn. Nígbà tí mo kà á fún wọn, wọ́n dá mi dúró níbì kan: "Kì í ṣe ata ló kọ́kọ́ jẹrà. Tòmátì ni. Ata rodo ló gbẹ̀yìn." Mo fa ìlà náà nù, mo tún un kọ. Kò sẹ́ni tó lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Wọ́n di ata sínú ọ̀rá fún mi, a sì fi se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Ó jẹ nínú rẹ̀.

Ẹnì kan tún ti pè mí fún ìgbéyàwó ní oṣù tó ń bọ̀. Mo ní kí ọkọ àti ìyàwó fún mi ní wákàtí kan, kí n bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀ kí n tó kọ ohunkóhun. Wọ́n ní àwọn á rò ó wò. Bí wọn ò bá pè mí mọ́, ẹ má ṣàánú mi jù. Gààrì ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.