Ta Ló Ń Lu Ìlù Yìí?

KÀ: Gẹ́nẹ́sísì 27:18-27

Ojú Ísáákì ti di bàìbàì nígbà tí Jákọ́bù wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ohùn tó gbọ́ kò jọ ti Ésáù, ó sì fura. Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kan awọ ewúrẹ́ tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó gbóòórùn aṣọ rẹ̀, ó sì súre fún ẹni tí kò ní í lọ́kàn láti súre fún. Etí rẹ̀ sọ òótọ́ fún un. Ọwọ́ ló tàn án.

Olùfẹ́, lóde òní, etí pàápàá kò tó gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Kọ̀ǹpútà ti kọ́ bí a ṣe ń fi ohùn ẹni sọ ohun tí ẹni náà kò sọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ohùn kan tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n ní Peter Obi ló ń bá Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo sọ̀rọ̀ lórí ìbò. Obi ní ayédèrú ni. Ilé ìròyìn tó gbé e jáde ní ojúlówó ni. Gbogbo ayé gbọ́ ohùn kan náà, wọn kò sì fẹnu kò. Ní ọdún 2024, ìròyìn jáde pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Arup kan ní Hong Kong bá àwọn tó rí bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà. Kí ó tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ṣe ojú àti ohùn wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là ti lọ.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ ènìyàn yàtọ̀? Àwa ará Òkè-Ògùn ti mọ ohun tí kì í ṣe ènìyàn tó sì ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ìnáwó ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ìlù dùndún lè kì ọ́ dé oríkì baba rẹ. Ó sì lè bú ọ. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ń bá ìlù jà. Onílù là ń ná owó fún, onílù náà là ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ìlù kò lè tijú, kò lè jẹ̀bi, kò lè wá bẹ̀bẹ̀ lọ́la.

Nítorí náà, má kàn bi ara rẹ pé, "Ṣé ó dún bí ènìyàn?" Ẹ̀rọ á máa dún bí ènìyàn sí i ni. Béèrè pé, "Ta ni yóò dúró ti ọ̀rọ̀ yìí lọ́la?" Bí ohùn ọmọ rẹ bá pè láti Èkó pé kí o fi owó ránṣẹ́ kíákíá, pa fóònù náà, kí o fi nọ́ńbà tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pè é padà. Bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan jọ mọ̀. Ọmọ tòótọ́ kò ní bínú. Ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ gan-an, kó má ṣe sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ.

Bí fídíò tí o kò mọ ìdí rẹ̀ bá sì dé orí fóònù rẹ, dá a dúró lọ́dọ̀ rẹ. Bí o bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ìwọ náà ti di onílù.

ÀDÚRÀ: Olúwa, fún mi ní ọgbọ́n láti dá ohùn mọ̀, sì ràn mí lọ́wọ́ kí n lè dúró ti ọ̀rọ̀ ẹnu mi, ní orúkọ Jésù. Àmín.