Ọwọ́ Tó Sáìnì, Ọkàn Tí Kò Mọ̀

Bí ènìyàn bá fọwọ́ sí ìwé tí kò yé e, ṣé ó ti ṣèlérí? Ìdí ilé gbígbà ni ìbéèrè yìí ti ń jẹyọ jù. Ẹni tó ń wá fúláàtì l'Ékòó yóò kọ́kọ́ san kọmíṣọ̀n ẹ́jẹ́ǹtì àti owó àgíríìmẹ́ǹtì, kọ́ṣọ̀n àti sáfíìsì ṣáàjì yóò tẹ̀ lé e, ìgbà tí owó bá sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tán ni wọ́n sábà máa ń gbé ìwé síwájú rẹ̀ pé kó sáìnì. Lójú tèmi, kíkọ́ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn kọjá ọgbọ́n ìlú ńlá. Ara òtítọ́ ni, gbèsè àlàyé sì wà lọ́rùn ẹni tó mọ̀ kó tó kan ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ wo kúìtì nótíìsì, ìwé tí onílé fi ń sọ fún ayálégbé pé kó kó jáde. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 (ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀) fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún ní nótíìsì oṣù 6. Ṣùgbọ́n bí onílé àti ayálégbé bá ti fẹnu kò sí iye mìíràn, èyí tí wọ́n fẹnu kò sí ni yóò múlẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé lè sọ oṣù 6 di oṣù 1, ọwọ́ ayálégbé fúnra rẹ̀ ni yóò sì fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀. Kọ́ṣọ̀n ńkọ́? Ìwé lè sọ pé onílé yóò yọ owó ìbàjẹ́ kúrò nínú rẹ̀, àyàfi “fair wear and tear”, ìyẹn gbígbó tí ìlò lásán fà. Ọ̀dà tí oòrùn pa láwọ̀ dà, ẹ̀rọ omi tó ń jò torí pé rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ, ìlò ọjọ́ pípẹ́ ló fà á, kò yẹ kí ayálégbé sanwó wọn. Ògiri tó dá lu, wáṣíbéésìnì tó fọ́, tirẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò gbà nígbà tí wọ́n bá ní ọ̀dà ti gbé gbogbo kọ́ṣọ̀n lọ. Òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n já rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún kọ́ṣọ̀n àti sáfíìsì ṣáàjì, kí wọ́n sì kọ bí wọ́n ṣe ná an fún ayálégbé, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ mímọ̀ àti gbígbàgbọ́ ló wà nídìí gbogbo èyí. Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo tẹ ìwé kan jáde lórí ìjíròrò wọn pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá. Wọ́n fi hàn pé àwọn àgbà wọ̀nyí kì í sọ pé àwọn mọ nǹkan àfi bí ojú wọn bá tó o, tí ọkàn wọn sì jẹ́rìí sí i. Èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n gbà á gbọ́ ni. Ayálégbé tí ẹ́jẹ́ǹtì sọ fún pé, “Ẹ má da ara yín láàmú, bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn,” ìgbàgbọ́ nìkan ló fi sáìnì. Bí ìwé náà bá wá sọ pé ó ti kà á, ó sì yé e, irọ́ ti wọ inú àdéhùn láti ọjọ́ kìíní, àwọn méjèèjì ló jọ pa á. Ẹ tún wo ẹni tó yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ inú àdéhùn: ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrà Bákárà, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé. Ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ ni ẹsẹ náà ní kó pe ọ̀rọ̀ fún akọ̀wé. Bí kò bá lè pè é, kí alámòójútó rẹ̀ bá a pè é pẹ̀lú òdodo. Ẹnu ẹni tí yóò ru ẹrù ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Nínú àgíríìmẹ́ǹtì tiwa, lọ́yà onílé ló ń sọ ọ́, ẹlẹ́rù dákẹ́.

Wọ́n á ní abèèrè kì í ṣìnà, kí ló dé tí kò béèrè? Ẹni tí kò mọ̀ pé nótíìsì ṣeé dín kù, kí ni yóò béèrè? Òfin tó dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ní kí ẹni tó bá wọn kọ ìwé kà á fún wọn, kó sì ṣàlàyé, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò ran ẹni tó ka yunifásítì lọ́wọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà sì ṣókùnkùn sí. Àtakò kejì wúwo jù: àwọn ayálégbé mìíràn mọ ọ̀rọ̀ òfin dunjú, òun ni wọ́n sì fi ń jókòó pa sílé onílé. Òótọ́ ni. Bàbá tó fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé, tó fẹnu lásán sọ fún ayálégbé pé kó máa lọ, lè dé kóòtù kí ẹjọ́ rẹ̀ fọ́ nítorí pé kò fún un ní nótíìsì tó bófin mu. Ayálégbé tó mọ̀ tí kò sọ jẹ irú gbèsè kan náà. Ìmọ̀ ni gbèsè yìí ń tẹ̀ lé, ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá wà. Kò sì dìgbà tí wọ́n bá yọ èdè òfin kúrò nínú ìwé kí wọ́n tó san án. Kí ẹ́jẹ́ǹtì kó àgíríìmẹ́ǹtì jáde kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ayálégbé, kó kà á fún un ní ìlà-ìlà, kó sì jẹ́ kó gbé e lọ sùn.