Ọmọ Ìjà ní Ọgbà Àjàlá

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni Ifá sọ ìtàn wọn nínú Ogbè-Ògúndá: Oríṣéékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìjà, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ń bọ̀ wá sílé ayé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá, alámọ̀ tó ń mọ orí lọ́run. Wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ yà sílé bàbá wọn lójú ọ̀nà. Oríṣéékú àti Orílèémèrè pa ìkìlọ̀ náà mọ́. Wọ́n dé ọgbà Àjàlá, wọn kò bá a nílé, wọn kò sì dúró dè é. Ọmọ Ògún gbé orí tuntun tí wọn kò tíì sun. Ọmọ Ìjà gbé èyí tó tóbi tó sì wù ú, kò mọ̀ pé ó ti fọ́ lára. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, kò lérè.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà. Ó gbọ́ ìró Ifá nílé bàbá rẹ̀, ó ní òun ó rí i kí òun tó lọ. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó rúbọ, kó sì mú iyọ̀ àti owó dání. Iyọ̀ ló fún oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, oníbodè sì júwe ọ̀nà fún un. Owó ló fi san gbèsè Àjàlá, nítorí pé Àjàlá wà nílé láti ọjọ́ yìí wá: orí àjà ló sá sí nítorí olówó rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá irin lu àwọn orí wò, ó yan èyí tó dún gbọnmọgbọnmọ fún un. Òjò pa Afùwàpẹ́ náà, orí rẹ̀ kò yẹ̀.

Ìtàn yìí ni mo gbé lé ìbéèrè kan tí kò tíì tán nílẹ̀ Bràsíl: ṣé kí capoeira, eré ìjà tí wọ́n ń fi orin àti ìlù ṣe, di eré ìdíje gbogbo àgbáyé, kó tilẹ̀ wọ Olympics? Capoeira kì í ṣe tiwa, kò sì yẹ kí Yorùbá gbà á mọ́ra bí ogún. Ọmọ Àngólà àti Kóńgò tí wọ́n kó lẹ́rú ló ni gbòǹgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, àdúgbò kan náà ló bá ilé candomblé gbé, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ògún, Ṣàngó àti Yemọja. Ìlù atabaque àti agogo ń dún níbẹ̀, wọ́n sì ń dún nínú agbo capoeira pẹ̀lú. Ifá kì í ṣe àlejò ládùúgbò yẹn.

Ibi tó mú mi dúró jù nínú ìtàn náà ni ìkìlọ̀ ọ̀nà. Kí ló dé tí àwọn tó pa á mọ́ fi pàdánù, tí ẹni tó rú u fi jèrè? Àwọn kan á ní ẹbọ ló gbè é. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹbọ náà kì bá tí wáyé bí kò bá yà sílé bàbá rẹ̀. Ohun tí eré ìdíje àgbáyé sì máa ń sọ fún ìjà ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ bá a rìn nìyẹn gan-an: má yà sílé bàbá rẹ. Fi orin sílẹ̀, fi ìlù sílẹ̀, fi àwọn òkú tí o máa ń dárúkọ sílẹ̀, mú kìkì ohun tí a lè kà ní máàkì wá.

Ẹ wo ohun tí òjò ti ṣe fún àwọn tó ṣáájú. Júdò wọ Olympics ní Tokyo ní 1964, ó sì rí èrè níbẹ̀, nítorí àwọn obìnrin náà gba àyè tiwọn ní 1992, kò sì sí kọ́ńtínẹ́ńtì tí wọn kì í ti í ṣe é lónìí. Síbẹ̀, láti 2010 ni àjọ àgbáyé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de fífi ọwọ́ gbá ẹsẹ̀ alátakò mú, títí ó fi di èèwọ̀ pátápátá nínú ìdíje, bẹ́ẹ̀ sì ni ọgbọ́n yẹn wà lára ohun tí Kano Jigoro, ẹni tó dá júdò sílẹ̀, fi sílẹ̀. Ti karate tún wá burú jù. Ó jìyà ọ̀pọ̀ ọdún kó tó wọlé sí Tokyo ní 2021; nígbà tí Paris fi dé ní 2024, wọ́n ti yọ ọ́.

Ti capoeira á le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú agbo, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa na ẹsẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnìkejì, á sì dá a dúró síbẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé ó lè gbá a, kò sì gbá a. Láàárín àwọn tó ni eré náà, ìyẹn ni wọ́n ń yìn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ àyà àwọn oní-taekwondo láti ka ìgbá kò lè ka ìgbá tí ènìyàn dá dúró. Bí ẹ bá gbé irú ìdíje bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọdé fún ogún ọdún, wọn ó kọ́ láti gbá ara wọn, nítorí òun ló ń mú máàkì wá.

Èmi kò sọ pé ìdíje jẹ́ àjèjì sí capoeira. Mestre Bimba (mestre ni wọ́n ń pe ọ̀gá capoeira), tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní 1932, pe àwọn oníjà níjà lójú gbangba ní Salvador ní 1936, ó sì fakọ yọ. Ìgbà náà, ìwé òfin ọ̀daràn 1890 tó sọ capoeira di ẹ̀ṣẹ̀ ṣì ń da àwọn aláwọ̀ dúdú láàmú, ìjà Bimba sì wà lára ohun tó fọ ojú eré náà mọ́. Mestre Pastinha, tó di irú capoeira tí wọ́n ń pè ní Angola mú ṣinṣin, fúnra rẹ̀ pe ibùdó tó dá sílẹ̀ ní 1941 ní ibùdó eré ìdárayá. Àwọn méjèèjì jáde lọ bá ayé, ṣùgbọ́n láti ilé bàbá wọn ni wọ́n ti jáde, pẹ̀lú berimbau, ohun èlò orin capoeira, lọ́wọ́.

Gbèsè ni ọ̀rọ̀ tó kù, òun ló sì ń dùn mí. Ní 1972, ìjọba Bràsíl kéde capoeira ní eré ìdárayá, wọ́n sì fi sábẹ́ àjọ tó ń bójú tó ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ẹ wo ibi tí àwọn tó mọ orí náà wà láwọn ọdún yẹn. Wọ́n ti gba ilé ẹ̀kọ́ Pastinha ní àdúgbò Pelourinho ní Salvador lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe. Ó fọ́jú, ó sì kú nínú òṣì ní 1981, ọkùnrin tí Bràsíl mú lọ sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar ní 1966. Bimba fi Salvador sílẹ̀ lọ sí Goiânia ní 1973, ó ń wá ibi tí wọn ó ti mọyì rẹ̀. Ní 1974 ló kú síbẹ̀. Àjàlá wà lórí àjà, gbèsè lé e débẹ̀, àwọn ènìyàn sì kún inú ọgbà rẹ̀, wọ́n ń gbé orí.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé rárá, kí capoeira má tíì lọ sí Olympics. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ìdíje, wọn kò nílò láti yá adájọ́. Adájọ́ ti wà nínú agbo tipẹ́: gunga, berimbau tí ohùn rẹ̀ wúwo jù, òun ló ń ṣí eré, òun ló ń pe àwọn méjì padà sẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí eré bá fẹ́ dìjà. Ìdíje tí wọ́n bá ti gba gunga kúrò lọ́wọ́ mestre, orí tí wọn kò tíì sun ni.

Ìrètí wà. Ní 2010, òfin ìdọ́gba ẹ̀yà ní Bràsíl gba capoeira ní eré ìdárayá, ní ìjà, ní ijó àti ní orin, ó sì gbà kí àwọn mestre ìbílẹ̀ tí wọ́n mọ̀ kọ́ni nílé ẹ̀kọ́. UNESCO gba agbo capoeira sínú àwọn ogún ìran ènìyàn ní 2014. Iyọ̀ nìyẹn, ó dára. Owó ló kù: owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn mestre tó ti darúgbó, àti owó iṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ́ ọmọ aláìní ládùúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ san ìyẹn ná. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn mestre fúnra wọn, àwọn tó mọ èyí tó sun àti èyí tí kò sun, irú ìdíje wo ni wọ́n lè fara mọ́, kí ìdáhùn wọn sì jẹ́ òfin.