Ọ̀rọ̀ Ta Ni?

Ànàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Abidjan, ní Côte d'Ivoire, ọmọ Èjìgbò sì pọ̀ nínú wọn. Ní Adjamé, àdúgbò kan níbẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ èdè Jámánì níléèwé jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà. Ìyá ti sọ ohun tójú rẹ̀ rí nínú rògbòdìyàn ọdún 2011 lórílẹ̀-èdè náà. Ìbátan wọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ yìí ń túmọ̀ rẹ̀ sí Jámánì.

ỌMỌ: Ìyá àgbà, Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ “survive” bàbá àgbà. “Überleben” ni mo kọ: ẹ wà láàyè kọjá ìgbà tiwọn.

ÌYÁ: Yéè! Ṣé èmi àti wọn jọ ń sáré ìje ni? Mo ní wọ́n ṣaláìsí, wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ.

ỌMỌ: Ẹ̀yin lẹ ṣáà gbẹ̀yìn wọn. Kì í ṣe irọ́.

ÌYÁ: Kì í ṣe irọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo sọ. Àwọn ni mo fi ṣáájú, ìwọ wá gbé mi síwájú wọn.

ỌMỌ: “Hinterlassen” wà. Ẹni tó kú ló ń ṣe ìyẹn. Òun ló fi èèyàn sílẹ̀.

ÌYÁ: Òun ni kí o kọ.

ỌMỌ: “Survive” kan náà ló wà níbi tí ẹ ti sọ bí ẹ ṣe ń fi gààrí bọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí “überleben” dúró síbẹ̀. Èèyàn tó kú nígbà yẹn lé ní 3,000. Bí mo bá kọ “sich durchschlagen”, pé ẹ tiraka là á kọjá, àwọn òǹkàwé á rò pé owó ló kàn wọ́n yín.

ÌYÁ: A há mọ́lé ní àdúgbò Abobo, ìbọn ń dún níta. Ife mílíìkì ni mo fi ń wọn gààrí. Mo ń rẹ ẹ́ pẹ́ kó lè wú, kójú àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ. Tèmi ni mo gbẹ̀yìn ń bù. Ṣé o rí i? Iṣẹ́ ni mo ṣe. Sọ ti ìbọn lọ́tọ̀, kí o sọ ọ́ dáadáa.

ỌMỌ: Bí àánú yín bá ṣe wọ́n, ṣé ó burú ni?

ÌYÁ: Kò burú. Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n ń ṣàánú.

Ẹ̀rù ọmọ náà kì í ṣe lásán, torí òǹkàwé ọ̀nà jíjìn kò gbọ́ ìró ìbọn. Síbẹ̀ ìyá ló jàre. Ọmọ pa “überleben” méjèèjì rẹ́, ó kọ “hinterlassen” fún bàbá, “sich durchschlagen” fún gààrí, ó sì fi gbólóhùn tuntun kan kún un nípa ìbọn Abobo.