Nígbà Tí Aláṣẹ Bá Kẹ̀yìn sí Ìdájọ́

Bismillahi-r-Rahmani-r-Rahim.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Adájọ́ tí kì í gba rìbá, tí kì í sì í ṣe ojúsàájú. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lóṣù yìí ni ọ̀rọ̀ àárín adájọ́ àti aláṣẹ. Adájọ́ kò ní ọmọ-ogun, kì í sì í ṣe òun ni ó ń pín owó ìlú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti ìwé tí ó fọwọ́ sí ni gbogbo agbára rẹ̀. Ọwọ́ aláṣẹ ni ìbọn àti kọ́kọ́rọ́ àpò ìlú wà. Bí aláṣẹ bá wá ní òun kò tẹ̀ lé ìdájọ́, ta ni yóò mú un?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 1970, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà dá Lakanmi láre, ẹni tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Lọ́dún náà gan-an ni ìjọba ológun ṣe Dìkírì 28, tí wọ́n fi sọ ìdájọ́ náà di asán. Bí ẹnìkan bá ní ti sójà nìyẹn, ti alágbádá ńkọ́? Ní ọdún 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró nítorí ìjọba ìbílẹ̀ 37 tí Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti dá owó náà dúró. Ó sì sọ fún Èkó pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá ṣe tiwọn. Ìdájọ́ náà bá ọ̀tún wí, ó bá òsì wí. Síbẹ̀, ìgbà tí Umaru Yar'Adua gorí àléfà ní 2007 ni ọ̀rọ̀ owó náà tó yanjú.

Àwọn kan yóò wí pé, ‘Ṣebí Ọlọ́hun ní kí á tẹ̀ lé aláṣẹ?’ Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú Suratun-Nisai 4:59. Ṣùgbọ́n ẹ ka āyah náà dé òpin. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ní bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀, kí á dá a padà sọ́dọ̀ Òun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Èyí fi hàn pé ènìyàn lè bá aláṣẹ ṣe ẹjọ́, àti pé ohun kan wà tí ó ga ju àṣẹ rẹ̀ lọ.

Ànábì wa fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀nà hàn. Nígbà tí obìnrin kan láti ìdílé Makhzum, ìdílé ńlá, jalè, wọ́n rán Usama ọmọ Zaid, ẹni ọ̀wọ́n Ànábì, láti bẹ̀bẹ̀. Inú bí Ànábì. Ó ní ohun tó pa àwọn tó ṣáájú run ni pé wọ́n ń fojú fo ọlọ́lá, wọ́n sì ń fi ìyà jẹ aláìlágbára. Bí ó bá ṣe Fatima ọmọ òun ni, ìdájọ́ kan náà ni. Ọwọ́ Ànábì ni àṣẹ wà, síbẹ̀ kò fi àṣẹ náà bo ẹnikẹ́ni.

Adájọ́ náà ní ẹrù tirẹ̀. Imam Abu Hanifa, tí ó kú ní 150 Hijra, kọ ipò adájọ́ tí Kálífà al-Mansur fi lọ̀ ọ́, ó sì ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Adájọ́ tí ó ń wo ojú aláṣẹ kí ó tó dájọ́ ti ta ìdájọ́ náà kí aláṣẹ tó kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá dán ara wa wò níbi tí ó ti ṣòro. Ní oṣù Kejìlá 2015, lẹ́yìn tí àwọn ológun pa ọ̀pọ̀ ọmọlẹ́yìn Ibrahim El-Zakzaky ní Zaria, wọ́n ti òun àti ìyàwó rẹ̀ mọ́lé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 2016, Adájọ́ Gabriel Kolawole ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kí wọ́n tú wọn sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 45, kí wọ́n sì san mílíọ̀nù 25 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari kò tú wọn sílẹ̀. Oṣù Keje 2021, nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga ní Kàdúná dá wọn láre lórí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n lẹ́yìn náà, ni wọ́n tó jáde.

Ọ̀nà Ṣíà kì í ṣe ọ̀nà wa. Nítorí èyí ni àwọn kan nínú wa fi ní, ‘Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀.’ Ṣùgbọ́n Suratul-Maidah 5:8 kọ̀ fún wa kí ìkórìíra ìjọ kan tì wá kúrò lórí ẹ̀tọ́. Bí aláṣẹ bá sì jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa, ìyẹn kò sọ àìtẹ̀lé ìdájọ́ di ohun rere. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó yin aláṣẹ tàbí kí ẹ tó bú adájọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ìdájọ́ wí. Ẹ má bèèrè ẹni tí ó jàre nìkan. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn, ọ̀nà ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣí sílẹ̀ fún un. Ohun tí kò tọ́ ni kí ó jókòó lé ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ yín. Ààrẹ ẹgbẹ́ tí ó ń ju ìpinnu ìgbìmọ̀ sẹ́yìn nítorí pé ó bá òun wí, ìwà aláṣẹ tí a ń sọ yìí ni ó ti ń kọ́ láti kékeré.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn adájọ́ wa ní ìgboyà, kí Ó fi ìbẹ̀rù Rẹ̀ sí ọkàn àwọn aláṣẹ wa, kí Ó sì jẹ́ kí àwa náà lè gba ìdájọ́ òdodo nígbà tí ó bá korò lẹ́nu wa. Āmīn.