Ọkọ̀ Akérò Kì í Ṣe Ohun Ìtìjú

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní, tí ó sì la ọ̀nà sí i fún wa. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ìkóríta ni ìlú wa, Ìfàkì. Ẹni tí ó ti Adó bọ̀ tí ó ń lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ibẹ̀ ni yóò gbà; ẹni tí ó ń lọ sí Ìdó, ibẹ̀ ni yóò ti yà. Láràárọ̀ ni èrò máa ń dúró níbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́jà, àti àwọn tí ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ tèmi kọjá lára wọn lọ síbi iṣẹ́, tí fèrèsé wà ní títì, tí ìjókòó ẹ̀yìn sì ṣófo.

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù May 2023, lítà epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àpò mi kò gbà á mọ́. Mo gbé ọkọ̀ sílé, mo lọ sí gáréèjì, mo sì fa fìlà bojú kí ẹnikẹ́ni má baà dá mi mọ̀. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń kírun Jímọ̀ ni mo bá nínú ọkọ̀. Ó ń lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìdó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ọmọ mi, káàbọ̀ o. Ọkọ̀ rẹ ni mo mọ̀, n kò mọ ojú rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo Ànábì wa. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń lọ sí Badr ní ọdún kejì Hijra, wọ́n lé ní 300, ràkúnmí wọn kò sì ju bí 70 lọ. Ànábì, Ali àti Abu Lubabah ni wọ́n jọ ní ẹyọ kan, tí wọ́n ń gbà á gùn lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí ó kan Ànábì láti fẹsẹ̀ rìn, àwọn méjèèjì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó, àwọn yóò bá a rìn ín. Ó kọ̀. Ó fi yé wọn pé wọn kò lágbára ìrìn ju òun lọ, òun náà sì ń wá láádá bíi tiwọn. Ta ni èmi àti ìwọ tí a ó fi sọ pé ọkọ̀ akérò kò yẹ wá?

N kò sọ pé ọkọ̀ níní léèwọ̀. Súúrà An-Nahl (16:8) fi yé wa pé Allah dá ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún gígùn àti fún ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n Súúrà Luqman (31:18) kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi ìgbéraga yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn. Gíláàsì tí a gbé sókè kí a má baà rí aládùúgbò, kí ni a ó pè é? Ẹni tí ó sì yá owó èlé ra ọkọ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fojú tín-ín-rín rẹ̀, riba ni ó gùn, kì í ṣe ọkọ̀.

Nítorí náà, bí o kò bá ní ọkọ̀, wọ ti èrò pẹ̀lú iyì. San owó rẹ pé; bí ṣéńjì bá lé, dá a padà. Fi ibi tí ó rọrùn sílẹ̀ fún àgbà àti aboyún. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ sún mọ́ ara yín kí arábìnrin lè jókòó pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí o bá sì ní ọkọ̀, rántí hadith Abu Sa'id al-Khudri tí ó wà nínú Sahih Muslim: Ànábì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó ní ohun ìgùn tí ó ṣẹ́kù fi ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́.

Lónìí, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni mo ń gbé ọkọ̀ mi jáde. Ìjókòó iwájú, ti ìyá yẹn ni. Ó ti mọ ojú mi.

Kí Allah má jẹ́ kí ohun tí à ń gùn padà gùn wá. Aamin.